Ìbọn Nínú Ẹrù Àmánà

Àlàájà Sàfúrátù ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní ìwé ìgbélùú ní Mẹ́kà tí kò mọ ilé wọn. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní àdúgbò Az-Zahir, tí o béèrè ìyá tó ń tọ́jú ẹrù, ọmọdé á mú ọ débẹ̀. Yàrá kan, ilé ìdáná kan, àti yàrá kékeré kan lẹ́yìn tí kò ní fèrèsé. Yàrá kékeré yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ìwó ni Àlàájà ti wá. Àwọn àti ọkọ wọn ni wọ́n jọ wá ṣe Hájì láyé ọjọ́ kan, ọkọ kú síbí, wọ́n sin ín síbí. Àlàájà ní àwọn ò lè fi sàréè ẹni tó gbé àwọn wá sílẹ̀ kí àwọn máa lọ. Ìdílé Lárúbáwá kan dúró fún wọn, wọ́n gba ìkáámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ. Lásìkò Hájì, àdúgbò Al-Aziziyah ni wọ́n máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, nínú àwọn ilé tí wọ́n ń háyà fún àwọn àlejò Ọlọ́run, àwọn tó wá ṣe Hájì, tí wọ́n á máa bu omi sórí aṣọ, tí wọ́n á sì máa bu èébú sórí àwọn tó ni ín.

"Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ dá láti kékeré lẹ bọ́ sínú aṣọ yìí, ẹ wá ní kí n fi ọṣẹ ẹyọ kan fọ̀ ọ́? Ẹ fi ọṣẹ kún un!"

Àwọn Àlàájì tuntun á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi ọṣẹ kún un.

Ohun tó bí yàrá kékeré rèé. Ẹni tí kò ní ìkáámà lè jáde lọ ra búrẹ́dì kó má padà wálé mọ́. Ọkọ̀ ọlọ́pàá á dúró, wọ́n á ní, "Ìkáámà dà?" Ó di tàrìílì nìyẹn, àgọ́ tí wọ́n ń kó èèyàn sí kí wọ́n tó dá a padà sílùú rẹ̀. Sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa bá a wọ bàálù. Aṣọ tó ti rà fún ìyá rẹ̀, ìkòkò, wúrà tó fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún, gbogbo rẹ̀ á di ti ẹni tí wọ́n jọ ń sùn sínú yàrá. Nítorí náà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù wọn wá fún Àlàájà, pé bí ọwọ́ bá tẹ àwọn, kí wọ́n fi rán ẹni tó ń lọ sílé.

Àlàájà gbà, ṣùgbọ́n wọ́n là á sílẹ̀ bí yóò ṣe rí. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá di ẹrù rẹ sínú àpò ìrẹsì, tí wàá fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu rẹ̀. Ìwọ ni wàá ya ìlàjá kan lára aṣọ tí o máa ń wọ̀, tí wàá so ó mọ́ ọn, torí aṣọ ara rẹ ni orúkọ rẹ. Wọn ò ní bi ọ́ pé kí ló wà nínú rẹ̀. Wọn ò ní tú u. Ọjọ́ tí o bá wá gbà á, wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá sọ ọ́ sókè pé, "Mo gbà á, ó pé." Àmánà ni, ohun tí èèyàn fi síkàáwọ́ rẹ lójú Ọlọ́run. Mo ti rí ẹrù ẹni tó kú nínú yàrá yẹn, tí eku ti jẹ ìdí rẹ̀, tí Àlàájà ń fi aṣọ mìíràn bò ó láìwo inú ihò.

Òkè wọn ni èmi ń gbé. Òfin ni mo fẹ́ràn, bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe fẹ́ràn fíìmù. Orí fóònù ni mo ti ń kà á, ti ìlú yìí, ti ilé, ti ìlú òyìnbó. Àlàájà a máa pè mí ní Lọ́yà Orí Fóònù.

Bí Fàrúkù ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn, ọmọ Ìbàdàn, ẹnu dídùn, fìlà gẹ̀gẹ́ lórí. Jẹ́dà ló ń gbé, ní Al-Balad, iṣẹ́ ọdẹ ló sì ń ṣe ní ọgbà ńlá kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń háyà fún ìgbéyàwó. Lárúbáwá kan tó ń jẹ́ Abdullatif ló ni ọgbà náà. Òun náà ni kàfíìlì rẹ̀, ẹni tí ìkáámà rẹ̀ so mọ́ lọ́rùn.

"Àlàájà mi, ìyá gbogbo wa, ẹ káàárọ̀ o!"

"Ẹnu rẹ ti dùn jù, Fàrúkù. Kí lo fẹ́?"

"Ẹrù àmánà ni, ma."

"Ìwọ tí o ní ìkáámà? Ta ló fẹ́ lé ọ?"

"Mo fẹ́ lọ wo ìyá mi nílé ni. Àwọn tí a jọ ń sùn ní Al-Balad, ọwọ́ wọn ò mọ́."

Àpò náà gùn, ó sì wúwo níbì kan ju ibòmíràn lọ. Àlàájà gbé e wò, wọ́n wo ojú Fàrúkù, wọ́n tún gbé e wò. Wọn ò béèrè.

"O ti rán an?"

"Mo ti rán an."

"O ti so aṣọ mọ́ ọn?"

"Mo ti so ó, ma. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án o."

Ó lọ. Àpò náà wọ yàrá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún 2013 ni. Ìjọba ti fún àwọn àlejò láyè kí wọ́n tún ìwé wọn ṣe, àyè náà sì parí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí nígbà náà, ẹ rántí! Wọ́n ń kó èèyàn bí ẹní kó iyanrìn. Ẹrù kún yàrá Àlàájà débi pé ilẹ̀kùn ò ṣí tán mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, táńkì omi orí òrùlé ya, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara ògiri ro sínú yàrá. Àlàájà kígbe pè mí, a jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹrù jáde. Èmi ni mo fa àpò Fàrúkù. Ìṣó kan wà lára férémù ilẹ̀kùn, ó fi ẹnu há àpò náà, mo fà á, ó ya fàà.

Irin dúdú kan yọjú, ó ní ihò lẹ́nu. Mo rò pé páìpù ni. Mo fà á díẹ̀ sí i, mo rí ilé ọta rẹ̀ tó tẹ̀ bí ìwo àgbò. Irú èyí tí àwọn sójà ń gbé ni, tí ń rọ ọta bí òjò.

Àlàájà ò pariwo. Wọ́n ní, "Kàmílà, ti ilẹ̀kùn."

Mo ti ilẹ̀kùn. N ò ní parọ́, gbogbo ohun tí mo ti kà ló ń rọ́ jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ fún Àlàájà pé ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí irú ìbọn yìí. Ní ìpínlẹ̀ kan, èèyàn lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ní Níú Yọ́ọ̀kì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú òfin wọn le sí i lọ́dún yẹn gan-an, ẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún ń dúró de ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́. Ìbọn kan náà! Ọ̀nà kan náà! Ìwọ ṣáà ti wakọ̀ sọdá ààlà, o ti di ọ̀daràn! Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo fò sókè lórí ẹní mi.

"Níbí ńkọ́?" ni Àlàájà bi mí.

"Níbí, ìbọn ọdẹ lọ́tọ̀, ìbọn ogun lọ́tọ̀, ma. Ìbọn ogun kì í ṣe ohun tí èèyàn lásán ń fi sílé. Ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn ni. Bó bá sì jẹ́ àlejò, tó bá ṣẹ̀wọ̀n tán, wọ́n á tún lé e lọ."

"Àní bí kò bá mọ̀ pé ó wà nílé òun?"

"Ìyẹn yàtọ̀, ma. Ẹni tí kò mọ̀, ó ní ohun tó máa wí níwájú adájọ́."

"Nítorí náà, kó tó di pé àpò yìí ya, mi ò jẹ̀bi."

"Ẹ ò jẹ̀bi, ma."

"Ní báyìí tó ti ya ńkọ́?"

Ojú mi lọ sára ìṣó náà.

"Ìṣó!" Àlàájà fi ọwọ́ gbá férémù ilẹ̀kùn. "Ìṣó ló sọ mí di ọ̀daràn! Mo fọṣọ, mo gba ààwẹ̀, mi ò jí abẹ́rẹ́ rí, ìṣó ilẹ̀kùn mi ló fẹ́ rán mi lẹ́wọ̀n!"

A jókòó sórí ẹrù. Bí a bá pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá á wọ ilé, gbogbo ẹni tí kò níwèé láti ìsàlẹ̀ dókè á wọ ọkọ̀ wọn. Ẹrù inú yàrá á di ẹ̀rí. Bí a bá gbé e lọ sọnù, a gbé ìbọn rìn nìyẹn. Ibo la sì fẹ́ sọ ọ́ nù sí? Nínú Mẹ́kà? Ilẹ̀ tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ pa ẹyẹ, a kò gbọdọ̀ já ewé lára igi rẹ̀? Àlàájà ń fi orí kọ gbogbo rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe na ọwọ́ lójijì, tí wọ́n gbá ìlàjá aṣọ tó wà lẹ́nu àpò náà mú.

Pupa àti funfun ni, alápòótí kéékèèké, irú aṣọ ìwérí tí àwọn ọkùnrin Lárúbáwá ń wé.

"Aṣọ ta nìyí? Ìgbà wo ni Fàrúkù wé aṣọ báyìí rí? Fìlà ni tirẹ̀." Ojú wọn yí. "Ó mọ̀. Kàmílà, ọmọ yẹn mọ̀! Ẹ̀rù bà á láti so aṣọ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Aṣọ ẹni tó ni ín ló so mọ́ ọn."

Wọ́n tú ìlàjá náà, wọ́n ká a sínú ìborùn wọn. Wọ́n ní kí n da ẹní àti aṣọ bo àpò náà, kí n wọ abáyà mi, Jẹ́dà yá.

Ní Al-Balad, a bá Fàrúkù lábẹ́ fèrèsé onígi ilé àtijọ́ kan, ó ń mu tíì pẹ̀lú àwọn aláàárù. Ìyẹn ni pé kò tilẹ̀ lọ wo ìyá kankan nílé!

"Àlàájà! Ẹ káàbọ̀, ma, ẹ..."

"Má kí mi." Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Àlàájà. "Kí ló wà nínú àpò yẹn?"

"Aṣọ ni, ma."

"Aṣọ? Aṣọ tó ní ẹnu? Aṣọ tó ń bì?"

"Ẹ rọra, ma, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò! Nígbà tí o ń pè mí ní ìyá gbogbo yín, ṣé o rọra? Irú ọmọ wo ló ń gbé ẹ̀wọ̀n wá fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀, táá tún ní kí omi má kàn án?"

Fàrúkù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ó ní nínú ọgbà yẹn, wọ́n máa ń yìnbọn sókè tí ọkọ ìyàwó bá ti wọlé, òfin kò fẹ́, wọ́n ń yìn ín. Lọ́dún tó ṣáájú, lápá ìlà-oòrùn, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ já wáyà iná lulẹ̀ níbi ìgbéyàwó, iná pa àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn ọlọ́pàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbọn káàkiri. Abdullatif ya aṣọ ìwérí ara rẹ̀, ó fi so ìbọn tirẹ̀ láàárín, ó ní kí Fàrúkù gbé e lọ síbi tí ojú ò tó.

"Mo ní mi ò gbé e, ma. Ó ní bí mi ò bá gbé e, òun á kọ ọ́ fún ìjọba pé mo sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìkáámà mi kú nìyẹn. Ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Gbogbo ilé ni wọ́n ti ń tú ẹrù, ma. Ilé tiyín nìkan ni wọn kì í tú u."

Àlàájà fi ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa gbá a létí. Wọ́n ní, "Abdullatif yìí, ìyá rẹ̀ wà láyé?"

"Ó wà, ma. Ilé rẹ̀ ló ń gbé."

"Mú wa lọ."

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni a gbà wọlé, bí àwọn alágbàfọ̀ ṣe ń wọlé. Ìyá náà jókòó lórí tìmùtìmù, ó ń mu kọfí. Àlàájà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì tẹ́ ìlàjá aṣọ náà sórí itan rẹ̀. Lárúbáwá àdúgbò ni wọ́n ń sọ, ó ń yọ̀ lẹ́nu wọn bí ọṣẹ.

"Ìyá wa, ẹnì kan fi àmánà sọ́dọ̀ mi, ó sì so èyí mọ́ ọn. Ọlọ́run ní kí a dá àmánà padà fún ẹni tó ni ín. Mò ń wá ẹni tó ni ín."

Ìyá náà yí aṣọ náà padà. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni mo fi ṣẹ́ etí èyí. Abdullatif sọ fún mi pé èédú ló jó o." Ó gbójú sókè. "Kí ló wà nínú àmánà yẹn?"

Àlàájà sọ fún un.

"Nínú Mẹ́kà?"

"Nínú Mẹ́kà, ìyá wa. Ní Az-Zahir."

Ìyá náà ò bi wá ní ohun mìíràn. Ó kígbe pé, "Abdullatif! Dìde nídìí oúnjẹ yẹn!"

Ọkùnrin náà jáde wá, ó ń nu ọwọ́. Nígbà tó rí aṣọ náà, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi yé o, ó rẹ́rìn-ín!

"Yámà, ìyá mi, ìbọn ìgbéyàwó lásán ni. Ta ni wọ́n máa mú torí ìyẹn?"

"Èmi ni wọ́n máa mú!" Àlàájà fi ọwọ́ lu àyà. "Èmi ni!"

Kó tó dáhùn, ìyá rẹ̀ ti ju ife kọfí lù ú láyà. Ìyá náà ti ń wá abáyà rẹ̀. Ó ní òun á bá wa lọ, kí ọmọ òun má baà yà sọ́nà.

Bí èmi àti Àlàájà ṣe jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ẹni tó ni ìbọn nìyẹn, tí Fàrúkù sì padà sí Al-Balad. Ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò kí a tó wọ Mẹ́kà, ọlọ́pàá gba ìkáámà Àlàájà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi wé ojú wọn. Ó gba tèmi náà. Ó kí Abdullatif, ó ní kó máa lọ. Mo di eyín mi! Mo fẹ́ fi fèrèsé bọ́ síta kí n pariwo! Nígbà tó bá ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìbọn nínú bùùtù, mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa kí i.

Nílé, Abdullatif na ọrùn wọ yàrá kékeré. Ó rí àwọn àpò tí omi ti rẹ, tí ìlàjá ànkárá ń ṣe wẹ́lẹwẹ̀lẹ lẹ́nu wọn.

"Kí ni gbogbo pàǹtí yìí?"

"Pa ẹnu dé," ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbé tìrẹ."

Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e léjìká, ó fẹ́ jáde. Àlàájà na apá dí ẹnu ọ̀nà. Wọn ò ga tó èjìká rẹ̀.

"Sọ ọ́. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́ nílé yìí. 'Mo gbà á, ó pé.'"

Ọkùnrin náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Mo gbà á," ni Abdullatif wí. "Ó pé."

Ẹ̀wọ̀n rékọjá ilé Àlàájà lọ́jọ́ yẹn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá mi yọ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, Abdullatif kọ ọ́ fún ìjọba pé Fàrúkù sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mú un ní Al-Balad pẹ̀lú fìlà lórí àti sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Kò ní ẹrù kankan lọ́dọ̀ Àlàájà tí a lè fi ránṣẹ́ sí i. A gbọ́ pé nínú ọgbà ìgbéyàwó náà, ìbọn ṣì ń dún.

Àlàájà ra sáásì, àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Wọ́n gbé e kọ́ orí ìṣó yẹn gan-an. Ẹni tó bá gbé ẹrù wá báyìí, wọ́n á nawọ́ sáásì sí i pé kó tú u lójú àwọn. Àwọn èèyàn bínú. Wọ́n ní Àlàájà ti di kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn kan gbé ẹrù wọn padà, wọn ò sì sọ pé ó pé.

Hàbíbátù dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń gbálẹ̀ ilé àwọn àlejò Ọlọ́run ní Al-Aziziyah, kò ní ìwé kankan. Ó ti rán àpò rẹ̀ dáadáa, ó ti so ìlàjá gèlè rẹ̀ mọ́ ọn. Àlàájà nawọ́ sáásì sí i.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́. Èyí ò ṣeé tú."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń wí. Tú u."

"Ẹ gbé e wò, ma. Kò wúwo."

"Hàbíbátù, tú u, tàbí kí o gbé e lọ."

Ó tú u. Omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gé okùn. Ó fa aṣọ funfun kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Aṣọ ìsìnkú ni. Ó ti rì í sínú omi Sàmúsàmù, ó ti sá a gbẹ, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn nílé. Ìyá náà ló ránṣẹ́ pé kí ó bá òun wá a, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má rí i kó tó di ọjọ́ rẹ̀.

Àlàájà kúnlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ká aṣọ náà, wọ́n dá a padà sínú àpò, wọ́n ní kí n bá àwọn mú abẹ́rẹ́ ńlá. Fúnra wọn ni wọ́n ń rán an. Abẹ́rẹ́ gún wọn, wọ́n nu ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ sára ìborùn ara wọn kó má baà kan àpò, wọ́n ń rán an lọ.

"Kàmílà."

"Ma."

"Òfin tí o kà fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ti ìbọn. Tún un kà."

Mo mú fóònù jáde. Mo kà á: ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá ní i, ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá gbé e, ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá fi pamọ́. Mo kà á dé ìsàlẹ̀.

Àlàájà fi eyín já okùn.

"Èyí ńkọ́?" Wọ́n gbé àpò Hàbíbátù sókè sí mi lójú. "Ohun tí Abdullatif sọ mí dà yìí, ẹni tó ń tú àmánà ẹlòmíràn, ibo ni wọ́n kọ ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ sí? Wá a. Má sùn. Wá a!"